Bí Òǹkọ̀wé Bá Bú Ẹgbẹ́ Rẹ̀, Ọwọ́ Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì ọdún 1951 ni wọ́n ṣí èbúté Abidjan. François Mitterrand, mínísítà ìjọba Faransé tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ òkè òkun nígbà náà, wà níbẹ̀. Ní 1950 ni wọ́n ti la ọ̀nà omi Vridi já, èyí tó so ọ̀sà Ébrié mọ́ òkun. Kí Vridi tó là, ọkọ̀ òkun kì í wọlé rárá. Ojú òkun ló ń dúró sí níwájú Grand-Bassam tàbí Port-Bouët, wọ́n á sì máa já ẹrù rẹ̀ sórí afárá gígùn tó wọ inú omi lọ. Lẹ́yìn Vridi, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọ̀sà títí dé ẹ̀bá Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan. Kòkó, kọfí àti gẹdú ń jáde; ìrẹsì, ẹ̀rọ, aṣọ àti epo ń wọlé, fún Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ àti fún Burkina Faso àti Mali tí kò ní etí òkun.

Ìwé wà lára ẹrù náà. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọmọ Áfíríkà fi èdè Faransé kọ láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, Paris ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ òkun ló kó o wá sí Dakar àti Abidjan. Èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Gánà fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, London ni wọ́n ti tẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì bá ọkọ̀ Liverpool dé Takoradi àti Apapa. Láti Abidjan dé Èkó kò ju nǹkan bí 1,000 kìlómítà lọ, ojú ọ̀nà etí òkun ló sì so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òǹkọ̀wé Abidjan kì í sábà gba ọ̀nà yẹn dé Èkó. Ó ní láti kọ́kọ́ wà ní Yúróòpù, kí ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tún un tẹ̀, kó tó wá bá ọkọ̀ mìíràn padà dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Abidjan mọ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Èjìgbò ni wọ́n ti wá, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní ọjà Èjìgbò. Ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí sí Treichville lè ti ka ìtàn Bernard Dadié, òǹkọ̀wé Côte d'Ivoire, ní ilé ìwé kó má tíì fojú kan ìwé Wọlé Ṣóyínká. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó dàgbà sílé mọ Ṣóyínká, kò sì gbọ́ orúkọ Dadié rí. Inú irú àfo bẹ́ẹ̀ ni ìjà tó lókìkí jù lọ láàárín àwọn òǹkọ̀wé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn ìwé máa ń bi ara wọn: òǹkọ̀wé ńlá tó ń bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbangba, ṣé kò fẹ́ràn iṣẹ́ ẹni náà ní kọ̀rọ̀? Ìdáhùn mi ni pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ ju bí a ti rò lọ, kò sì dìgbà tí a bá wo inú ọkàn ẹnikẹ́ni kí a tó mọ̀. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ta ló ń kó jọ fún àwọn ọ̀dọ́ láti kà? Orúkọ ta ló ń padà sí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún? Ẹni tí kò ka ènìyàn sí kì í padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹkùn àti ẹtu

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1962, àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé péjọ sí Makerere ní Kampala. Ṣóyínká kò tíì pé ọmọ ọdún 28. Léopold Sédar Senghor ní tirẹ̀ ti lé ní 55, ó sì ti jẹ́ ààrẹ Senegal láti 1960. Senghor, pẹ̀lú Aimé Césaire ti Martinique àti Léon-Gontran Damas ti Guyane, ló gbé ìmọ̀ràn tí wọ́n ń pè ní Négritude kalẹ̀ ní Paris láàárín ọdún 1930 sí 1940: pé ènìyàn dúdú ní ọgbọ́n, ìlù àti ọ̀nà ìwà tirẹ̀, pé ó sì yẹ kó máa fi í yangàn lójú ayé tó ti sọ ọ́ di ẹni ẹ̀gàn.

Ní Kampala ni Ṣóyínká ti sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí ọmọ ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ tí kò gbọ́ ọ rí: pé ẹkùn kì í kéde pé ẹkùn ni òun. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Berlin ní 1964, ó tún un ṣàlàyé. Ó ní ẹkùn kì í dúró sínú igbó kó máa pariwo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá níbi tí ẹkùn ti rìn, tó rí egungun ẹtu nílẹ̀, ti mọ irú ẹni tó ṣaájú òun kọjá. Ohun tó ń sọ ni pé kí òǹkọ̀wé dúdú kọ ìwé tó dára, ìwà dúdú rẹ̀ á hàn nínú ìwé náà láìjẹ́ pé ó pariwo rẹ̀. Senghor dá a lóhùn. Ó ní ẹranko ni ẹkùn, ìdí nìyẹn tí kò fi ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ènìyàn ló ń ronú, ènìyàn ló sì ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ó kúrú, ó rọrùn láti há sórí. Bó ṣe di ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ nípa àwọn méjèèjì nìyẹn: Ṣóyínká kò fẹ́ràn Senghor, ó parí. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò wo ohun tí ọwọ́ Ṣóyínká ń ṣe ní Ìbàdàn ní àsìkò kan náà.

Ní 1957 ni Ulli Beier àti Janheinz Jahn dá ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Orúkọ ìwé náà kò ṣàdédé wá. Ní 1948, Senghor kó ewì àwọn akéwì dúdú tó ń kọ Faransé jọ sínú ìwé kan, Jean-Paul Sartre sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Orphée noir. Láti ibẹ̀ ni àwọn ará Ìbàdàn ti mú orúkọ ìwé tiwọn. Wọ́n túmọ̀ ewì Senghor àti ti Césaire sínú rẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà lè kà wọ́n. Ṣóyínká wá di ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìwé náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960, pẹ̀lú Beier àti Es'kia Mphahlele ọmọ South Africa, tí òun náà bá Négritude wí kíkankíkan nínú ìwé rẹ̀ ti 1962. Àwọn méjì tó ń ta ko Senghor lórí pèpéle ló ń ṣe olóòtú ìwé tí orúkọ rẹ̀ jáde láti inú iṣẹ́ Senghor. Èmi kò rí àgàbàgebè níbẹ̀. Àwọn tó mọ Senghor tinú-tòde ló ń bá a jiyàn, torí pé ohùn rẹ̀ ti wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Ilé ẹni tí wọ́n bú

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1966, Senghor pe àwọn oníṣẹ́ ọnà dúdú káàkiri ayé sí Dakar fún àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ ti iṣẹ́ ọnà ènìyàn dúdú. Négritude ló bí àjọ̀dún náà látòkè délẹ̀. Bí Senghor bá jẹ́ ẹni tó ń di kùnrùngbùn, ibẹ̀ ni ìbá ti hàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Eré Ṣóyínká tó ń jẹ́ Kongi's Harvest wà lára àwọn eré tí wọ́n ṣe ní Dakar, eré tó tú àṣírí olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí agbára ń pa bí ọtí. Àwọn adájọ́ sì fún The Road, eré Ṣóyínká mìíràn, ní ẹ̀bùn tó ga jù lọ. Lóòótọ́, àwọn adájọ́ ló fún un, kì í ṣe Senghor fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé Senghor ni, owó ìjọba Senghor ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bú u ní Kampala ni wọ́n sì yẹ́ sí níbẹ̀.

Christopher Okigbo ní tirẹ̀ kọ ẹ̀bùn ewì tí wọ́n fún un ní Dakar yẹn. Ó ní òun kò gbà pé a lè pín iṣẹ́ ọnà sí ti dúdú àti ti funfun: èyí tó dára àti èyí tí kò dára nìkan ló wà. Ìpinnu Okigbo mọ́lẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un, torí pé ohun tó sọ ni ó ṣe. Ti Ṣóyínká ló ṣòro jù, òun náà ló sì kọ́ wa jù, nítorí pé láti ọdún yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń sọ nǹkan mìíràn.

Ní 1975, lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé, nígbà tó wà ní ìgbèkùn, Ṣóyínká kó ewì Áfíríkà jọ sínú ìwé kan, Poems of Black Africa. Senghor wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kó ewì jọ mọ̀ pé kò sí ibi tí ojú ti ń hàn tó ibi tí a ti ń yan èyí tó máa wọlé àti èyí tó máa kù síta. Kò sí ẹni tó fi ìbọn sí olóòtú lórí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 1976, Ṣóyínká gbé ewì gígùn kan jáde, Ogun Abibiman. Ìkéde Samora Machel ti Mozambique lòdì sí ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ní Rhodesia ló fa ewì náà. Nínú rẹ̀, Ògún àti Shaka ọba Zulu pàdé, wọ́n sì jọ dìde ogun fún ilẹ̀ ènìyàn dúdú. Ogún ọdún ṣáájú, Senghor ti kọ ewì eré nípa Shaka kan náà nínú ìwé rẹ̀ Éthiopiques ti 1956. Bí mo ti ń ka àwọn méjèèjì pọ̀, mo rí ẹkùn tó wá ń bú ramúramù fún gbogbo igbó láti gbọ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Ṣóyínká yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nínú Myth, Literature and the African World, tó jáde ní 1976 kan náà, ó tún bá Négritude wí. Ó ní ìmọ̀ràn náà ti gba ìbéèrè aláwọ̀ funfun kó tó wá ìdáhùn dúdú sí i. Mo gbà pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè ta ko ìmọ̀ràn akéwì kó má ta ko ewì rẹ̀, ìyàtọ̀ yìí sì ni ọ̀pọ̀ àwa òǹkàwé kò kọbi ara sí.

Níkẹyìn, ní 1997, Ṣóyínká sọ àsọyé mẹ́ta ní Harvard, ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ W. E. B. Du Bois pè. Wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde ní 1999 bí The Burden of Memory, the Muse of Forgiveness. Nínú àsọyé mẹ́ta náà, méjì jẹ́ ti Négritude, ọ̀kan sì gbé orúkọ Senghor lé orí. South Africa ń fi ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ lásìkò náà. Ṣóyínká wá padà sọ́dọ̀ akéwì tó ti dárí ji Faransé nínú ewì rẹ̀, ó sì gbé ìdáríjì yẹn yẹ̀ wò bí ohun tó wúwo, tó ṣòro, tó yẹ kí ayé ronú lé lórí. Ó ní àròyé tirẹ̀, kò sì bò ó. Síbẹ̀, ọdún márùndínlógójì ti kọjá láti Kampala. Ṣóyínká ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ó lè fi gbogbo ọ̀rọ̀ Senghor sílẹ̀ kó má mẹ́nu kàn án mọ́. Ó yàn láti lo ìdá méjì nínú mẹ́ta àsọyé rẹ̀ lórí Négritude.

Ìwé tó kọ̀, ìwé tó wá gbà

Ọ̀rọ̀ Camara Laye, ọmọ Guinea, tún hàn gbangba ju ìyẹn lọ. Laye kọ L'Enfant noir ní 1953, ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ní ilé alágbẹ̀dẹ ní Kouroussa. Ní 1954, Le Regard du roi tẹ̀ lé e, ìtàn aláwọ̀ funfun kan tó sọnù sí Áfíríkà, tó ń wá ọba tó lè gbà á. Nínú àròkọ kan tí Ṣóyínká kọ ní 1963, ó fi ìwé kejì yìí ṣẹ̀sín: ó ní Kafka ni Laye ń dà kọ, òǹkàwé tó gbọ́n á kúkú lọ ka Kafka fúnra rẹ̀. Ìbáwí náà gbóná, ó sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1976, nínú Myth, Literature and the African World tí mo ti dárúkọ, Ṣóyínká padà sórí ìwé kan náà. Ó wá rí i nínú rẹ̀ pé òun ni ìgbìyànjú àkọ́kọ́ wa láti fi ojú inú kọ́ ẹwà ìwé òde òní tó jẹ́ ti Áfíríkà láìsí iyèméjì. Ọdún mẹ́tàlá ló wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Mo fẹ́ kí òǹkàwé ro ohun tó gbà kí ọkùnrin kan padà ka ìwé tó ti ta nù ní gbangba, kó sì kọ ìyìn rẹ̀ sínú ìwé tó mọ̀ pé gbogbo yunifásítì á kà. Bí kò bá jẹ́ pé nǹkan kan nínú ìwé náà ti ń gún un lára láti ìgbà àkọ́kọ́, kí ni ìbá tún dá a padà sí i?

Chinua Achebe náà ní irú rẹ̀. Nínú àsọyé tó sọ ní Amherst ní Amẹ́ríkà ní 1975, ó pe Joseph Conrad ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà pátápátá nítorí Heart of Darkness. Nínú àsọyé kan náà, ó gbà pé ọ̀gá ni Conrad nínú lílo èdè àti nínú ìtàn sísọ. Ìbẹ̀rù Achebe wà níbẹ̀ gan-an: bí Conrad bá jẹ́ òǹkọ̀wé tí kò mọ̀ ọ́n kọ, ìwé rẹ̀ kì bá tí lè ba ojú ayé lórí Áfíríkà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ló ṣe sí Ayi Kwei Armah ọmọ Gánà. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lórí The Beautyful Ones Are Not Yet Born ti 1968, ó ní ìwé náà ń ṣàìsàn, pé Armah da àárẹ̀ ọkàn tí kì í ṣe ti Gánà bo Gánà lórí. Ó sì gbà lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n kọ ọ́ dáadáa, pé agbára Armah lórí èdè ga gan-an. Armah bínú sí ìbáwí náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, ìdajì kejì tó jẹ́ ìyìn bọ́ sọ́nà, èyí tó jẹ́ èébú ló délé.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta wa. Nígbà tí The Palm-Wine Drinkard jáde ní London ní 1952, àwọn òyìnbó yìn ín, Dylan Thomas wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Nàìjíríà ní ó dójú ti àwọn, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tọ́, wọ́n ní ọ̀dọ̀ Fágúnwà ló ti kó ìtàn. Ní 1977, Achebe dúró ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó fi odindi àsọyé kan hàn pé olùkọ́ni ní ìwà ni Tutuola, pé ìwé rẹ̀ ń kọ́ni nípa iṣẹ́ àti eré. 

Ẹni tó ń ru ẹrù ní èbúté

Kí n tó padà sí Abidjan, ó yẹ kí n sọ ti ọkùnrin kan tó mọ èbúté ju gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ lọ. Ousmane Sembène, ọmọ Casamance ní Senegal, ru ẹrù ní èbúté Marseille lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Láti inú iṣẹ́ náà ló ti kọ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, Le Docker noir, ní 1956. Ìtàn alábàárù dúdú kan ni, ẹni tó kọ ìwé, tí òǹkọ̀wé obìnrin aláwọ̀ funfun kan jí ìwé náà, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Irú ọkọ̀ tí Sembène ń já ní Marseille ló ń wá sí Dakar àti Abidjan.

Sembène kò ní sùúrù fún Senghor. Ó ka Négritude sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti jẹun yó, ó sì ń sọ ọ́. Senghor náà kò fi í sílẹ̀: nígbà tí Sembène ṣe sinimá Ceddo ní 1977, ìjọba Senghor dá a dúró, ohun tí wọ́n sì fi ṣe àwáwí ni pé ó fi d méjì kọ orúkọ rẹ̀ dípò ọ̀kan. Síbẹ̀, àjọ̀dún Dakar ti 1966 yẹn fún iṣẹ́ Sembène náà ní ẹ̀bùn. Ẹ sì wo ìjà lórí lẹ́tà d yẹn dáadáa. Ààrẹ kan àti oníṣẹ́ sinimá kan ń bá ara wọn jà lórí bí ó ti yẹ ká kọ èdè Wolof sílẹ̀. Àwọn méjèèjì gbà pé èdè náà tó nǹkan tí ènìyàn lè torí rẹ̀ jà. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn ohun kan náà jù ni ìjà wọn ti le jù.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń bò ó?

Ìdí kìíní ni òṣèlú. Ní 1962, Senghor kì í ṣe akéwì lásán. Ààrẹ ni, ọ̀rẹ́ Faransé ni, ogun Algeria sì ń parí lọ lọ́wọ́ ní oṣù tí wọ́n péjọ sí Kampala. Ọ̀dọ́ tó bá yìn ín lórí pèpéle, ìjọba ni àwọn ènìyàn á gbọ́ pé ó ń yìn. Ìdí kejì ni ọjọ́ orí: ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé tí kò bá ti baba tó ṣaájú rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kò ní rí àyè dúró. Ìdí kẹta ni ti èbúté tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kúrú, ó lè rìn láti Kampala dé Dakar lọ́jọ́ kan; ìwé tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ dúró de atúmọ̀, olùtẹ̀wé àti ọkọ̀. Nígbà tí ìwé bá fi dé, èébú ti gbilẹ̀.

Ìdí kẹrin wà nínú àṣà wa fúnra wa. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwọn oníjàálá níbi tí wọ́n ti pé jọ mọ̀ pé ọ̀kan lè dá ẹnìkejì dúró láàárín orin pé kò mọ oríkì tó ń kì, pé kó tún un kì. Adébóyè Babalọlá kọ èyí sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá ní 1966. Ẹni tí wọ́n bá wí á dáhùn, orin á sì máa lọ. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó ń dá oníjàálá tí kò mọ nǹkan kan dúró: wọ́n á kàn jẹ́ kó kọrin rẹ̀ tán. Nínú fújì, Síkírù Àyìndé Barrister àti Àyìnlá Kollington fi ọ̀pọ̀ ọdún ta ọ̀rọ̀ sí ara wọn nínú àwo, kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àwọn àwo náà mọ̀ pé ìkínní ń gbọ́ gbogbo àwo ìkejì délẹ̀, torí pé èsì tó ń fọ̀ kò ní bọ́ sójú rẹ̀ bí kò bá gbọ́ ọ. Igi eléso ni à ń sọ lókò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìjà ni ìfẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì yẹ ká ṣọ́ra. Ní 1955, Mongo Beti ọmọ Cameroon kọ àròkọ kan nínú ìwé àtìgbàdégbà Présence Africaine, ó fi bá àwọn ìwé bíi ti Camara Laye wí. Ó ní nígbà tí àwọn amúnisìn ń na ènìyàn tí wọ́n ń gba ilẹ̀, òǹkọ̀wé tó bá jókòó tó ń ròyìn ìyá rẹ̀ àti iná alágbẹ̀dẹ ti fi ojú pamọ́ fún òtítọ́. Èyí jẹ́ ẹjọ́ òṣèlú, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, Beti sì fi ìwé tirẹ̀ gbè é: Le Pauvre Christ de Bomba ti 1956 fi bí àwọn oníwàásù àti ìjọba amúnisìn ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ hàn láìbò. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ bo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, a ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá di òfófó. Àmì tí mo fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni èyí: ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ tó ń bú, iṣẹ́ náà á padà yọ nínú ohun tó ń ṣe.

Abidjan àti ìwé tó rìn jìnnà kó tó délé

Ọmọ Côte d'Ivoire kan jẹ́rìí sí bí ìwé ti ń jìyà kó tó rí ẹni gbà á. Ahmadou Kourouma, tí wọ́n bí sí Boundiali ní 1927, kọ Les Soleils des indépendances, ó sì tẹ èdè Faransé síbi tí èdè Malinke fẹ́ kó tẹ̀ sí. Àwọn olùtẹ̀wé ní Paris kọ̀ ọ́. Montreal ní Canada ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1968. Ní 1970 ni ilé ìtẹ̀wé Seuil ti Paris wá gbà á. Ìwé tí ọmọ Côte d'Ivoire kọ nípa ìyà òmìnira gba Canada kọjá kó tó dé Abidjan. Lónìí, kò sí ẹni tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Áfíríkà tó ń fi Kourouma sílẹ̀, ẹ̀bùn ìwé Renaudot tó gbà ní 2000 sì wá láti Paris kan náà.

Bernard Dadié, tí wọ́n bí ní Assinie ní 1916, rí gbogbo rẹ̀. Àwọn amúnisìn fi í sẹ́wọ̀n ní Grand-Bassam ní 1949. Ó kọ ìtàn àlọ́, eré, ewì àti ìwé ìrìn àjò. Ó gba ẹ̀bùn ńlá ìwé Áfíríkà dúdú ní 1965 àti ní 1968, ó ṣe mínísítà àṣà láti 1977 dé 1986, ó sì kú ní Abidjan ní 2019 lẹ́ni ọdún 103. Àlọ́ aláǹtakùn rẹ̀ àti àlọ́ ìjàpá wa jẹ́ ọmọ ìyá. Síbẹ̀, ẹ béèrè ìwé Dadié ní ilé ìtàwé ní Ìbàdàn kí ẹ sì wo ojú olùtà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dé. Àwọn baba wa nínú ìwé kíkọ bú ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ka ara wọn. Ṣóyínká ka Senghor, ó ka Laye lẹ́ẹ̀mejì. Achebe ka Armah, ó ka Tutuola, ó ka Conrad títí ó fi mọ ibi tí májèlé wà. Àwa tó ń tún èébú wọn sọ lónìí kì í ka ẹni tí wọ́n bú. A há ọ̀rọ̀ ẹkùn sórí, a kò sì ka ewì kan ṣoṣo nínú ewì Senghor. Bí a bá ti ń ṣe èyí, èébú nìkan la jogún, a fi ìmọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀ sí ọwọ́ àwọn mìíràn.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá ní Treichville àti ní Adjamé, mo sì bẹ àwọn olùtẹ̀wé ní Ìbàdàn àti Èkó. Ẹ̀yin ní àwọn ènìyàn tó gbọ́ Faransé, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń lá àlá ní Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí Dadié sọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí Kourouma dé ọ̀dọ̀ ọmọ ilé ìwé ní Èjìgbò láìgba Paris tàbí Montreal kọjá. Ẹ kó ìwé Fágúnwà àti Ṣóyínká lọ fún àwọn ọmọ yín tó dàgbà sí Abidjan. Ìwọ òǹkàwé, nígbà mìíràn tí o bá gbọ́ pé òǹkọ̀wé ńlá kan bú òmíràn, má ṣe yára gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Lọ wá ìwé ẹni tí wọ́n bú, kà á tán, kí o tó dá ẹjọ́.